Agbọ̀n Kan Nínú Ọgọ́fà

Asọ́nà ni mí níbi tí ojú irin ti dábùú ọ̀nà oko,
lẹ́yìn Bọkẹ́, ní ilẹ̀ Gínì,
níbi tí erùpẹ̀ ti pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ osùn.
Àsíá méjì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́:
pupa fún màlúù, fún ọmọdé, fún alùpùpù;
aláwọ̀ ewé fún reluwé.
Ọdún kẹtàdínlógún rèé,
n kò tíì na pupa sí reluwé rí.

Mo máa ń kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà wọ́n.
Ọgọ́fà agbọ̀n irin, ilẹ̀ wa kún wọn dé etí,
ó ń sáré lọ sétíkun bí ẹni jẹ gbèsè.
Tó bá kọjá tán, eruku á wá ibi jókòó:
lórí ìrẹsì, lórí aṣọ tí a sá, láàárín eyín.
Fódéba ọmọ mi sín,
ohun tó ti imú rẹ̀ jáde pupa. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.
Ogún bàbá rẹ̀ ni.

Rédíò ní ọrọ̀ ajé wa dàgbà lọ́dún yìí,
ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún,
ohùn rẹ̀ ń dùn bí ohùn ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.
Yárì, aya mi, gbọ́. Ó pe Fódéba,
ó gbé e ti òpó ilẹ̀kùn, ó fi èédú fàlà sókè orí rẹ̀.
Ìlà náà bọ́ sórí ti èṣín gẹ́lẹ́.
Kò sọ nǹkan kan. Ó nuwọ́, ó padà sídìí ìkòkò.

Ìkòkò yẹn náà, ọmọ ibí ni.
Ó kúrò lọ́dọ̀ wa ní erùpẹ̀,
ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ iná, ó kọ́ bí a ti í dán,
ó padà wọ ọjà Bọkẹ́ bí àlejò.
Àwa la bí i. Àwa náà la tún san owó orí rẹ̀.

Kajú ló fa ọ̀rọ̀.
Òjò a máa bá a nílẹ̀ kí lọ́rì tó dé,
lọ́rì a rì, oníṣòwò a dájọ́ iye tó wù ú,
reluwé a sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kajú
tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbọn ewé kúrò lórí wọn.
Etí odò là ń gbé, itọ́ la fi ń bọ́jú.

Àwọn iléeṣẹ́ wá pẹ̀lú àgọ́, omi inú ike, àti fìlà.
Wọ́n ní kí la fẹ́.
Báálẹ̀ fẹ́ alùpùpù. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ iṣẹ́, iṣẹ́ kíṣẹ́.
Mbálíà arúgbó dìde, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé:

“N kò fẹ́ fìlà. Agbọ̀n kan ni mo fẹ́,
ọ̀kan nínú ọgọ́fà.
Kó dúró níwájú Asọ́nà yìí, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré,
ká da kajú wa sí i, kó bá wa gbé e dé ibùdókọ̀ omi.
A ó sanwó. A kì í ṣe alágbe.
Kẹ́ ẹ sì ka ìwé àdéhùn yẹn fún wa ní èdè Súsú,
títí kan ojú ìwé tí ẹ máa ń ṣí fò.”

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀:
wọn kò ṣe ojú irin yìí fún dídúró.

Mbálíà ní ká kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Lọ́jọ́ kejì, òun àtàwọn obìnrin mélòó kan
bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ mi.
“Ta ní ń kọ́ pèpéle fún ọkọ̀ tí kì í dúró?”
“Ìwọ ńkọ́,” ó ní, “ta ní ní kí o máa kà á?”

Pèpéle ti dé orúnkún mi báyìí.
Lálẹ́ àná, bí iná reluwé ti yọ láti òkè,
mo rí i pé àsíá pupa ni mo mú lọ́wọ́.
Ó fúyẹ́. Gbogbo ọdún yìí,
n kò mọ̀ pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.